Oògùn Tèmi àti Ti Khàdíjàh

Olúpọ̀nnà,
Ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn òjò.

Tẹjúmọ́lá ọmọ mi, Àjàní ọkọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Ilẹ̀ Èkó tí ò ń tẹ̀ kò ní yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀, àjèjì kò ní jẹ èrè òógùn rẹ. Ilé wà bí o ṣe fi í sílẹ̀, àfi òrùlé ilé ìdáná tí atẹ́gùn ká, àti ẹ̀fọ́ mi tí ewúrẹ́ Ògúnbáyọ̀ aládùúgbò wa jẹ tán. Èmi nìkan ni n kò wà bí o ṣe fi mí sílẹ̀. Ó ti rẹ̀ mí, ọmọ mi.

Láti ìgbà ìkórè àgbàdo ni àyà mi ti ń sáré láìsí ẹni tó ń lé e. Bí mo bá bó ẹ̀gẹ́ mẹ́ta, ó di kí n jókòó. Mo gun ọ̀kadà lọ sí ọsibítù ní Ìwó, Dókítà Adédìpẹ̀ sì bi mí pé ìgbà wo ni àyà mi máa ń já. Mo ní ìgbàkígbà tí fóònù bá dún tí kì í ṣe ìwọ. Wọ́n ní àwọn kò bèèrè ìyẹn. Wọ́n lẹ okùn mọ́ mi láyà, ẹ̀rọ kan bẹ̀rẹ̀ sí kọ̀wé, wọ́n ní ọkàn mi ló ń kọ ọ́. Ìwé náà wọ́ ju tìrẹ lọ nígbà tí o wà ní kíláàsì kìn-ín-ní. Ẹ̀rù bà mí pé ó ti rojọ́ iyọ̀ tí mò ń lá ní kọ̀rọ̀, nítorí dókítà kà á tán, wọ́n mirí. Wọ́n ní àyà tó ń lù ségesège báyìí lè dúró lójijì.

Oògùn méjì ló wà tí wọ́n ń fi wé ara wọn, kí wọ́n lè mọ èyí tó ń tọ́jú irú àyà yìí jù. Kọ̀ǹpútà ló ń pín in. Ó fún mi ní funfun, ó fún Khàdíjàh ará Ilé-Ogbó tí a jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì ní aláwọ̀ ọsàn. Wọ́n ní tèmi kò fẹ́ oòrùn, mo bá fi í pamọ́ sábẹ́ àmù, àṣé èmi ni kò gbọdọ̀ pẹ́ nínú oòrùn, èmi tí mò ń sá láfún jẹun! Oúnjẹ kò wù mí mọ́, Khàdíjàh ní tirẹ̀ ń mú òun sùn bí ọmọ tuntun.

A wá rò ó pé kọ̀ǹpútà kò mọ̀ wá rí, kò yẹ kó rẹ́ ẹnikẹ́ni nínú wa jẹ. A pàdé lọ́jà, a da oògùn wa pọ̀ sínú igbá kan, a pín in dọ́gba bí ẹran iléyá. Ní ọjọ́ kẹta, mo ṣubú sórí láfún. Ògúnbáyọ̀ ló gbé mi dé ọsibítù.

Dókítà bínú gan-an. Wọ́n ní àwọn kò tíì mọ èyí tó dára jù, ṣùgbọ́n bí méjèèjì bá pàdé nínú ẹnì kan, àyà lè falẹ̀ títí yóò fi dákẹ́. Wọ́n yọ wá kúrò nínú ìfiwéra náà, wọ́n fún mi ní oògùn kan ṣoṣo, wọ́n ní mo gbọdọ̀ ní ẹni tí yóò máa ṣọ́ mi. Mikail ọmọ Khàdíjàh ti kó ẹrù rẹ̀ wálé láti Ìbàdàn.

Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù pé kí n kọ orúkọ ẹni tó sún mọ́ mi jù. Mo kọ Ògúnbáyọ̀, nítorí ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín wa. Dókítà ní ti ẹ̀jẹ̀ ni àwọn ń wí. Mo fagi lé e, mo kọ orúkọ rẹ. Wọ́n pè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta níṣojú mi, obìnrin kan ló ń gbé e, ó ní a kò lè bá ọ sọ̀rọ̀. Mo kí i, kò dá mi lóhùn. Mo sọ fún dókítà pé ìyàwó ọmọ mi ni, kò tíì mọ̀ mí ni. Wọ́n wá rọra gba fọ́ọ̀mù náà, wọ́n fagi lé orúkọ rẹ, wọ́n tún kọ Ògúnbáyọ̀.

Owó díẹ̀ ni mò ń tọrọ, ọkọ mi. Má fi ránṣẹ́ sí mi o. Owó ọkọ̀ láti Èkó dé Ìwó ni, awakọ̀ ni kí o san án fún, kí o sì jókòó sínú ọkọ̀ náà.

Ọ̀nà yóò là fún ọ. O kò ní dé bá ìlẹ̀kùn mi ní títì.

Èmi ni ìyá rẹ,
Oyèníkẹ́.