Ìgò Oyin Tí Ẹ Fún Mi

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Ẹ kú ojú lọ́nà mi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ẹ̀yin àti Bàbá. Mo kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ jọ ń pàtẹ ní ọjà Atakpamé. Ẹ̀gbọ́n mi Sàlámátù, ẹ bá mi ka lẹ́tà yìí sí Màmá létí, ẹ má fo ọ̀rọ̀ kankan.

Màmá, n kò sí ní Kùwéètì. Lómé ni mo wà láti oṣù márùn-ún sẹ́yìn. Nígbà tí ẹ pè mí lọ́jọ́sí, tí ẹ ní ẹ gbọ́ pé oòrùn ibẹ̀ ń jó ènìyàn bí iná, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Irọ́ ni. Òjò ń rọ̀ sórí páànù lókè orí mi, mo fi ọwọ́ bo fóònù kí ẹ má baà gbọ́ ọ.

Ẹ rántí pé sìmẹ́ńtì ni mo ń rù kí n tó lọ. Ẹ̀yìn ń dùn mí. Kòfí tí a jọ ń ru ẹrù ló kọ́kọ́ bu ọtí sódábì tí wọ́n rẹ egbò igi sí fún mi. Mo mu ún nítorí ẹ̀yìn, ìgbà tó yá, mo ń mu ún nítorí ọtí fúnra rẹ̀. Ọdún mẹ́ta gbáko, èmi ọmọ ládàánì! Ẹ̀yin kò mọ̀, Bàbá kò mọ̀.

Lọ́jọ́ tí mo ń lọ, ẹ fún mi ní oyin nínú ìgò, ẹ ní kí n máa lá a bí ikọ́ bá ń ṣe mí. Mo da oyin yín sínú abọ́ Kòfí, mo rọ sódábì sínú ìgò náà. Kòfí alára ní kí n má gbé e lọ, ó ní òun gbọ́ pé wọn kì í fẹ́ rí ọtí níbẹ̀. Mo ní ta ni yóò ṣí ìgò oyin wò.

Aṣọ́bodè Kùwéètì ṣí i wò. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó pe ẹnì kejì, wọ́n mú mi wọ yàrá kan. Wọ́n wá ọkùnrin ará Ìlọrin kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ pé kó máa túmọ̀ fún mi. Wọ́n bi mí pé ta ló ni ọtí. Mo ní ìyá mi ló di ẹrù mi, oyin ni mo rò pé ó jẹ́. Wọ́n bèèrè orúkọ ìyá mi. Mo sọ ọ́. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Bàbá Ìlọrin yẹn wò mí, ó bi mí bóyá ìyá mi ń kírun. Mo ní ẹ ń kí i. Ó ní ẹni tí ẹrù bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni òfin ibẹ̀ ń mú, kò kan ẹni tó dì í. Ó ní irọ́ tí mo pa mọ́ yín kò lè gbà mí, orúkọ yín ni mo kàn bà jẹ́ lásán.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo lò ní àtìmọ́lé. Mo bá ọmọ Gánà kan níbẹ̀ tí wọ́n mú nítorí tramadọ́ọ̀lù, oògùn ara ríro, irú èyí tí a ń rà lójú pópó bí ẹni ra obì. Kò ní ìwé dókítà kankan. Nígbà tí wọ́n tún pè mí, mo ní èmi ni mo ni ọtí, ìyá mi kò mọ nǹkan kan. Ọ̀gá wọn ní ohun tí wọ́n ti kọ kò ṣe é pa rẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́ títí ó fi jẹ́ kí wọ́n kọ tuntun sábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dá mi padà, wọ́n ní n kò gbọdọ̀ tẹ ilẹ̀ wọn mọ́.

Èbúté ni mo ti ń ru ẹrù báyìí. N kò mu ọtí mọ́, bí ẹ̀yìn tilẹ̀ ń dùn mí. Èmi nìkan ni mo ń gbé, n kì í rí ẹni bá sọ èdè wa láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti wọkọ̀ pé mo ń bọ̀ nílé, Notsé lágbedeméjì ọ̀nà ni mo ti ń sọ̀ kalẹ̀ tí mo ń padà. Ojú ń tì mí láti wọ ọjà tí wọ́n ti ń pè yín ní Ìyá Kùwéètì.

Mo ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí jáde nínú ìwé ìròyìn kí ẹni tó ń rìnrìn-àjò lè bèèrè òfin ìlú tó ń lọ kó tó di ẹrù, ìbáà ṣe ọtí, ìbáà ṣe oògùn ara ríro. Ẹ̀yin náà sì ní ẹ̀tọ́ pé kí aráyé gbọ́ pé ẹ kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Màmá, ẹ dárí jì mí. Bí Bàbá bá ní kí n má tíì wá, ẹ má bá wọn jà. Bí wọ́n bá ní kí n wá, ọ̀sán gangan ni màá wá, àárín ọjà ni màá sì gbà kọjá.

Ọlọ́hun yóò dá ẹ̀mí yín sí, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà ilé.

Èmi ni ọmọ yín tó ṣẹ̀ yín,
Ráfíù