Òfin Kékeré Tó Jẹ́ Ká Gbọ́ Ohùn Bàbá Táyọ̀

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú àárò wa. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Jákàńdè, Ìsọlọ̀ níbí, níbi tí òjò ti ń rọ̀ wẹ́ẹ́rẹ́ láti àárọ̀, tí gbogbo àdúgbò wá rí bí ohun téèyàn ń wò lójú oorun. Mo kí Bùọ̀dá Ṣẹ́gun àti ìyàwó wọn.

Ẹ bi mí pé kí ni iṣẹ́ mi gan-an. Ilé iṣẹ́ wa ń ṣe oògùn. Gbogbo ohun tí wọ́n ti kọ tàbí tí wọ́n gbà sílẹ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà ńlá kan. Ẹ̀rọ kan ń rìn kiri inú rẹ̀, ó ń ka gbogbo rẹ̀, kí ẹni tó bá ń wá nǹkan lè tètè rí i. Èmi ni mo ń sọ ibi tó lè wọ̀ àti ibi tí kò gbọ́dọ̀ dé. Àṣẹ ni mo máa ń tẹ̀, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn, sójú kọ̀ǹpútà dúdú kan tí kò ní ju ọ̀rọ̀ lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ìyá Táyọ̀ wá bá wa. Ọkọ wọn tó ti di olóògbé ló máa ń darí àdúrà àárọ̀ níbi iṣẹ́ wa, wọ́n sì máa ń gba ohùn wọn sílẹ̀ fún ẹ̀ka wa ní Òṣòdì. Wọ́n ní Táyọ̀ fẹ́ ṣègbéyàwó, kò sì rántí bí ohùn bàbá rẹ̀ ṣe ń dún mọ́. A wá a, ẹ̀rọ ní kò sí. Ìyá Táyọ̀ dúpẹ́, wọ́n gbé báàgì wọn, àmọ́ wọn ò dìde.

Mo wo àwọn òfin tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ lé. Ọ̀kan tó ti pẹ́ ní kó má wọ ibi tí nǹkan àwọn òṣìṣẹ́ tó ti kúrò tàbí tó ti kú wà. Mo bẹ ọ̀gá mi, Àǹtí Bísí, pé kí wọ́n jẹ́ kí n yọ ọ́. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní àkọsílẹ̀ àìsàn àwọn èèyàn wà níbẹ̀, ẹjọ́ wọn wà níbẹ̀, ṣé kí gbogbo ilé iṣẹ́ wá máa kà á ni? Òótọ́ ni wọ́n sọ. Mo padà lọ jókòó, ara mi ò gbé e.

Ìgbà tó yá ló sọ sí mi lọ́kàn: òfin tó bá wà lókè ni ẹ̀rọ ń kọ́kọ́ tẹ̀ lé. Mo bi wọ́n bóyá mo lè fi òfin kékeré kan sókè tí yóò ṣí ibi tí àwọn àdúrà yẹn wà nìkan, kí ti tẹ́lẹ̀ máa ṣọ́ ìyókù. Àǹtí Bísí fa àga wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n fara balẹ̀ ka àṣẹ náà, wọ́n ní ó yá, kí n tẹ̀ ẹ́. Mo ní kí ẹ̀rọ tún rìn. A wá ń dúró. Wọ́n gbé omi fún Ìyá Táyọ̀, wọn ò mu ún.

Nígbà tí mo tún wá orúkọ ọkọ wọn, ó jáde. Ohùn náà rọra dún bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ó kí àwọn ará Òṣòdì, ó húkọ́ díẹ̀, ó ní kí Ọlọ́run ṣọ́ àwọn ọmọ tí wọ́n fi sílé. Ìyá Táyọ̀ ò sunkún. Wọ́n kàn dáhùn pé àmín, bí ẹni pé wọ́n jọ wà nínú yàrá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pe Táyọ̀ lórí fóònù, wọ́n ní kó má sọ̀rọ̀, kó ṣáà gbọ́.

Màmá, láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rìn bí ẹni tó ń lálàá. Lánàá ní Bọ́ládé, l'Óṣòdì, láàárín gbogbo ariwo yẹn, mo dúró, mo ń wá ohùn yín létí mi. Èèyàn pọ̀ níbí, kò sẹ́ni tó ń fi oríkì mi kì mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí Bùọ̀dá Ṣẹ́gun gba ohùn yín sílẹ̀ fún mi. Kò pọn dandan kó jẹ́ ọ̀rọ̀ ńlá. Ẹ ṣáà pè mí bí ẹ ṣe máa ń pè mí tí ilẹ̀ bá mọ́.

Ẹ ó pẹ́ fún wa, ẹ ó jẹun ọmọ kalẹ́. Ẹ bá mi kí tẹrú-tọmọ ilé wa.

Èmi ni ọmọ yín,
Àbẹ̀kẹ́