Àáró Ọjọ́ Méjì

Mọ́ńdè, 2 Sẹ̀tẹ́ńbà 2019
Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni mí, mi ò gba ìmọ̀ràn. Mi ò gba ti ọmọ, mi ò gba ti dókítà. Prámárì tú ni mo ti kúrò níléèwé, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mò ń kọ.

Adéníran ọmọ mi dé láti Ibiade, létí omi lọ́hùn-ún, lánàá. Tíṣà ni, ohùn tó fi ń bá ọmọ kíláàsì wí náà ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀. "Màámi, gàrí yíyan yìí tó gẹ́ẹ́. Ẹ wá jókòó tì wá ní Ibiade, kẹ́ ẹ máa jẹja." Mo ní ṣé ológbò ni mí ni. Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín.

Mo bá Ọlọ́run ṣe àdéhùn lójú wọn: bí ẹnì kan bá wá bẹ̀ mí níṣẹ́ gàrí kí oṣù yìí tó tán, tí mo sì yan án fún un, mò ń bá iṣẹ́ mi lọ ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, mo di ẹrù mi.

Wẹ́sìdé, 4
Kò sẹ́ni tó wá. Bóyá ti àwọn ará Efire, lọ́nà Ibiade lọ́hùn-ún, ni Ọlọ́run ń gbọ́ lọ́wọ́.

Sọ́ńdè, 8
Àlùfáà wàásù pé Ọlọ́run kì í pẹ́, kì í sì í yá jù. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Kí ló mọ̀ nípa pípẹ́? Ṣùgbọ́n mo ṣe àmín, torí ọmọ dáadáa ni.

Ọwọ́-Dídán jókòó síwájú. Bí wọ́n ti ń kọrin ló ń na ọwọ́ méjèèjì sókè, kí gbogbo ìjọ lè rí bó ti ń dán. Zipporah lorúkọ rẹ̀, ará Òkè-Ṣopẹn. Mo fi ọdún mẹ́fà jù ú. Láyé ijọ́un a jọ ń ṣe àáró — èmi lóko rẹ lónìí, ìwọ lóko mi lọ́la. Ní 1978 mo fi oyún Adéníran kọ ebè fún un, ọjọ́ méjì gbáko. Nígbà tó kan tèmi, ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Kò pẹ́, ó ní òun ti fi oko sílẹ̀, aṣọ lòun ń tà. Ẹsẹ̀ tó ń dùn ún náà ló fi ń rin Èkó lọ ra aṣọ. Láti ìgbà náà, ẹ káàárọ̀ nìkan ló wà láàárín wa. Mi ò béèrè rí. Mi ò sì ní í béèrè.

Túsìdé, 10
Ó dé. Asimawu, tó ń ta oúnjẹ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Àgọ́-Ìwòyè, gun ọ̀kadà wá. Ó ní àwọn ọmọ yunifásítì ń wọlé lọ́jọ́ kẹtàlélógún, òun ń fẹ́ àpò gàrí kan ní Sátidé tó ṣáájú rẹ̀, ojúlówó tó kan. "Ìyá àgbà, èyí tí mò ń rà báyìí, àwọn ọmọ bu omi sí i, wọ́n ní iyanrìn làwọn ń mu." Ó ní Alhamdulillahi pé òun bá mi nílé. Mo ní àmín. A jọ rẹ́rìn-ín.

Mo fi ìka ka ọjọ́. Tọ́sìdé àti Fúráìdé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, yíyan. Kó tó dìgbà náà, ọjọ́ márùn-ún nínú àpò, òkúta lórí rẹ̀, kó lè kan. Àfi kí n bẹ ẹ̀gẹ́, kí n rin ín, kí alẹ́ Sátidé yìí tó lẹ́.

Síkírù tó ń fi ẹ̀rọ rin ẹ̀gẹ́ ní, "Ìyá, jáàkì mi máa fún omi ẹ̀ tán ní wákàtí kan, ẹ yan án lọ́jọ́ kejì." Mo ní ṣé jáàkì lè mú kó kan? Ó ní rárá. Mo ní kó gbé e padà sábẹ́ mọ́tò tí wọ́n ṣe é fún. Ohun tó máa kan, ọjọ́ rẹ̀ ló máa pé.

Wẹ́sìdé, 11
Wọ́n hú ẹ̀gẹ́ lóko mi, Síkírù fi márúwá kó o wá. Òkìtì ńlá. Bó bá fi kọjá Sátidé, ó bàjẹ́ nìyẹn.

Mo yọ̀ ṣubú létí kànga. Ọwọ́ ọ̀tún mi wú, kò lè di ọ̀bẹ mú. Wọ́n ní kò ṣẹ́. Òsì ni mo fi ń kọ èyí, ó rí bí ẹsẹ̀ adìẹ.

Mo ránṣẹ́ sí àwọn obìnrin mẹ́rin tó máa ń bá mi bẹ ẹ̀gẹ́. Wọ́n ti lọ sórí òkè àdúrà, ó di Mọ́ńdè. Kí ni wọ́n lọ ń tọrọ? Iṣẹ́.

Adéníran pè lórí fóònù. "Màámi, Ọlọ́run ti dáhùn nìyẹn." Mo ní kó má jẹ́ iṣẹ́ tí Ọlọ́run ò rán an.

Tọ́sìdé, 12, àárọ̀
Ọwọ́ òsì. Ẹ̀gẹ́ mẹ́tàdínlógún péré láti ìdájí. Mo bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀, mi ò pè é ní àdúrà. Mo ní O gbé iṣẹ́ wá ní Túsìdé, O gba ọwọ́ ní Wẹ́sìdé — irú ètò wo nìyí?

Ọ̀sán
Mo jókòó ti òkìtì, mò ń ronú ẹni tó lè ràn mí lọ́wọ́. Àwa tá a jọ ń ṣe àáró, mẹ́jọ ni wá. Mẹ́fà ti lọ sọ́run, wọn ò jẹ mí ní nǹkan kan. Ó ku èmi. Ó ku Ọwọ́-Dídán.

Mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí. Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo fi ń bínú pé obìnrin yìí ò san àáró mi. Gbèsè náà àti Adéníran, ọjọ́ orí kan náà. Ká ní ó san án ní 1978, ṣé n kì bá ti jẹ ẹ́ tán ní 1978? Ẹ̀gẹ́ ọdún yẹn dà lónìí? Ọlọ́run ló bá mi tọ́jú ẹ̀. Àti ọwọ́ yẹn pàápàá — kò di ọkọ́ mú láti ìgbà náà wá. Tuntun ni. Èmi ti lo tèmi gbó, tiẹ̀ ṣì wà nínú ọ̀rá.

Èmi náà ni mo kọ ọ́ síbí pé mi ò ní í béèrè. Ó dáa. Mo ti rí ohun tí mo kọ. Ìtìjú ò sí lọ́rùn ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè.

Ìrọ̀lẹ́
Mo kọ lẹ́tà, Síkírù ti gbé e lọ sí Òkè-Ṣopẹn. Mo tún un kọ síbí kí ẹ̀rí lè wà:

Zipporah. Àáró ọjọ́ méjì lo jẹ mí láti 1978. Mi ò fẹ́ owó, mi ò fẹ́ aṣọ, mi ò fẹ́ gbọ́ nípa ẹsẹ̀. Ọ̀la àti ọ̀túnla, aago mẹ́fà àárọ̀. Mú ọ̀bẹ tó mú dání. Wá san gbèsè mi.