Ẹ Bi Àṣíáwù Fúnra Rẹ̀

Ojúlé Kẹrìnlá,
Ìsàlẹ̀-Ọjà,
Òkè-Ọ̀dàn.
18 Oṣù Kẹfà, 2025.

Ọ̀gá Àgbà,
Ẹ̀ka Ìtọ́jú Ọpọlọ,
Ilé Ìwòsàn Ìtura,
Ìlaròó.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ FÚN ÀTÚNṢE FỌ́Ọ̀MÙ ÌGBÁYÉGBÁDÙN ÀṢÍÁWÙ BÀRÚWÀ

1. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tó yẹ kí n ti jẹ́wọ́ èyí: gbogbo ìdáhùn tó wà lórí fọ́ọ̀mù ìyàwó mi, èmi ni mo sọ wọ́n, púpọ̀ nínú wọn kì í sì í ṣe òótọ́.

2. Orí ọ̀kadà ló ti ṣubú lọ́nà Ajílété lọ́dún tó kọjá, ó sì forí sọlẹ̀. Ọ̀dọ̀ yín la gbé e wá. Ní oṣù Kejì, Nọ́ọ̀sì Dinah mú fọ́ọ̀mù kan jáde láti fi díwọ̀n bí ayé ṣe rí fún un báyìí. Máàkì márùn-ún ló wà fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Àṣíáwù jókòó tì mí. Wọ́n béèrè oorun rẹ̀, mo ní a dúpẹ́. Wọ́n béèrè ìrántí rẹ̀, mo ní Alhamudulilahi. Bí a ṣe ń dá ẹni tó bá béèrè aláìsàn lóhùn nílé wa nìyẹn. A kì í ka àìsàn sílẹ̀ fún àlejò. Nọ́ọ̀sì sì ń kọ márùn-ún, márùn-ún.

Bóyá àṣà nìkan kọ́. Bóyá ojú ló ń tì mí. N kò tíì mọ̀.

3. Nígbà tí à ń padà sílé, ó ní: “Bàbá Rodiat, ṣé ẹ̀yin lẹ forí sọlẹ̀ ni?” Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

4. Òótọ́ ibẹ̀ nìyí. Ìkòkò mẹ́ta ti jóná mọ́ ọn lọ́wọ́. Ariwo ọjà ń dà á lórí rú, kò lè ta gàrí mọ́. Ó máa ń fi orúkọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú pe Rodiat, ọmọ wa. Bó bá rántí, á lọ dá jókòó sẹ́yìn ilé.

5. Nítorí máàkì gíga yẹn, ẹ yọ ọ́ kúrò lára àwọn tó ń gba ìtọ́jú ìrántí ní Ọjọ́bọ̀. Èmi ni mo jẹ̀bi. Síbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, kò yẹ kí fọ́ọ̀mù yín gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọkọ nígbà tí aláìsàn fúnra rẹ̀ lè sọ̀rọ̀.

6. Mo bẹ̀ yín, ẹ fagi lé àwọn ìdáhùn mi yẹn. Ẹ bi òun gan-an, bó tilẹ̀ ń pẹ́ kó tó rí ọ̀rọ̀ mú, kí ẹ sì dá a padà sínú ìtọ́jú.

Mo dúpẹ́ pé ẹ kà á dé ibí. Lọ́la, Ọjọ́bọ̀, n ó mú un wá. Bí ẹ bá ti pè é wọlé, ìta ni n ó jókòó sí.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Abdulrasaq Bàrúwà,
Ọkọ Àṣíáwù.