Ohun Kékeré Tó Wà Lórí Pẹpẹ Bàbá Àgbà

Bàbá mi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú àtijọ́, ẹ sì kú ojú lọ́nà mi. Èmi Ramọ́tà, Àbẹ̀kẹ́ yín, mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà ní Hámbọ̀ọ̀gì nílẹ̀ Jámánì níhìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ náà tutù débi pé orúnkún ń ta mí. Màmá ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Sìlífá àbúrò mi ńkọ́ ní Kuta, òun àti ohun tó wà nínú rẹ̀? Ara gbogbo yín á le, lágbára Ọlọ́run.

Èmi náà wà, mo dúpẹ́. Ilé ìfọṣọ yẹn ni mo ṣì ń bá ṣiṣẹ́. Aṣọ ibùsùn àwọn ilé ìtura là ń fọ̀, tí à ń lọ̀. Inú ibẹ̀ gbóná bí ìdí àdògán, bí mo bá sì jáde báyìí, yìnyín á ti bo gbogbo ojú ọ̀nà. Ẹ ò ní gbà gbọ́ pé obìnrin tí a jọ ń gbé ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà kò tíì kí mi rí. Mo máa ń kí i. Á wo bàtà mi, á ṣílẹ̀kùn, á wọlé. Ó dára náà, mi ò ní tìtorí ẹ̀ dẹ́kun àtikí ènìyàn, ilé ni mo ti kọ́ ọ. Bó bá sú mi, mo máa ń kí ara mi. Mo máa ń sọ pé Àbẹ̀kẹ́, o káre láé, mo sì máa ń dá ara mi lóhùn.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo fẹ́ sọ. Lẹ́tà yín dé ọwọ́ mi. Mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún, mo tún padà rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n to ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, torí mo fẹ́ kí ẹ ka lẹ́tà yìí sétí ẹnì kan tí kò mọ gbogbo rẹ̀.

Ọkọ̀ yín ti dàgbà. Aago tó ń ka ìrìn rẹ̀ ti kú kí ẹ tó rà á, ẹ sì ti gbé e lọ sí Ìbàdàn, Òṣogbo, Ilé-Ogbó àti Kuta débi pé kò sẹ́ni tó mọ iye ìrìn tó ti rìn mọ́. Àìsàn kan ṣoṣo ló ń ṣe é. Bó bá tutù, ẹ̀ẹ̀kan náà ló máa ṣáná. Bó bá gbóná tán, á wúkọ́, á kú sójú títì, kò sì ní jí àfi tó bá tutù padà. Mẹkáníìkì ní pọ́lọ́gì tó ń ṣáná sí ẹ́ńjìnnì ni. Ẹ pààrọ̀ pọ́lọ́gì, ó ṣì ń kú.

Báyìí náà ló ṣe kú lọ́dún tó kọjá láàárín Kuta àti Ìwó, pẹ̀lú Sìlífá tó ń rọbí lẹ́yìn ọkọ̀. Àsìkò tí kò sí epo ni, ọ̀kadà kan kò kọjá. Ẹ̀yin àti Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n yín, lẹ jọ tì í. Nígbà tí ẹ ó fi dé ilé ìwòsàn, ìyá là, ọmọ kò là. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oyún mìíràn ti wọ oṣù rẹ̀ báyìí, ìyá ọkọ rẹ̀ sì wà lórí àìsàn, Sìlífá kò lè fi wọ́n sílẹ̀ kó wá dúró sí Ìwó. Ọkọ̀ yín náà la gbójú lé.

Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀. Bàbá arúgbó kan ló ni ín. Èdè wọn kò tíì dán lẹ́nu mi, ni mo bá fi ẹnu wúkọ́ bí ọkọ̀ yín ṣe ń wúkọ́. Mo dákẹ́, mo fi ọwọ́ fẹ́ ara mi bí ẹni tí ooru ń mú, mo sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ró. Àwọn tó wà lẹ́yìn mi rẹ́rìn-ín títí. Ojú tì mí díẹ̀, ṣùgbọ́n ó yé bàbá náà. Ó béèrè iye ìrìn tí ọkọ̀ náà ti rìn, mo ní Ọlọ́run nìkan ló mọ̀.

Mo ti nawọ́ sí pọ́lọ́gì olówó ńlá kan tó ń dán. Ó ní rárá, pé ẹ́ńjìnnì tó ti dàgbà máa ń jẹ ọ́ìlì, ọ́ìlì náà á sì bo ẹnu pọ́lọ́gì náà kó tó pẹ́. Ó ní irú èyí tí wọ́n fi sínú ọkọ̀ náà níjọ́ tó jáde ni kí n mú, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà, kí n sì mú wáyà tó ń gbé iná lọ bá wọn pẹ̀lú, torí wáyà tó ti sán kì í gbé iná délé. Lẹ́yìn náà ló mú ohun kékeré kan jáde, kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ, ó ní ìrù wáyà lẹ́yìn. Sẹ́ńsọ̀ ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń wo ẹ́ńjìnnì bó ṣe ń yí, tó ń sọ ìgbà tí pọ́lọ́gì gbọ́dọ̀ ṣáná. Bó bá ti gbó, ooru á mú un, á yadi, ọkọ̀ á sì kú. Bó bá tutù, á tún sọ̀rọ̀. Bàbá mi, ara mi bù máṣọ. Àìsàn ọkọ̀ wa gan-an ló ń ròyìn, láì rí i rí.

Àlòkù rẹ̀ wà níbi tí wọ́n ti ń tú ọkọ̀. Ká ní ilé la wà ni, tòkunbọ̀ la máa ní kí wọ́n fún wa, torí a kì í fọkàn tán tuntun ọjà wa. Ṣùgbọ́n èyí, mo ní tuntun ni mo fẹ́. Ta ló mọ ooru tí àlòkù ti rí?

Mo di gbogbo rẹ̀ sínú páálí, ará Ìwó kan tó ń lọ sílé bá mi gbé e. Ẹ wá kọ̀wé sí mi tayọ̀tayọ̀ pé ẹrù ti dé, pé ohun tí ọmọ bá fi ránṣẹ́ sílé, a kì í dá a jẹ, ẹ sì ti pín in. Ẹ pín in! Pọ́lọ́gì kan fún ọ̀rẹ́ yín onílọ́rì, ọ̀kan fún àna wa ní Ilé-Ogbó tó ní ọ̀kadà, ọ̀kan fún mẹkáníìkì torí òun ló ń ṣe wàhálà. Ẹ wá fi ẹyọ kan tó kù àti wáyà náà sínú ọkọ̀ tiyín pẹ̀lú ògbólógbòó pọ́lọ́gì mẹ́ta. Ẹ ní gbogbo wọn ló gbàdúrà fún mi. Mo ṣe àmín. Ṣùgbọ́n Bàbá, pọ́lọ́gì kì í ṣe ẹran iléyá.

Ti sẹ́ńsọ̀ ló wá pa mí lẹ́kún. Ẹ ní àgbà ló ń kọ́kọ́ mú, ẹ sì gbé páálí náà síwájú Bàbá Àgbà kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Wọ́n wo pọ́lọ́gì, wọn ò mú un. Wọ́n wo wáyà, wọn ò mú un. Sẹ́ńsọ̀ yìí ni wọ́n mú, tí wọ́n gbé e sórí pẹpẹ ní yàrá wọn. Mẹkáníìkì kò sì bá wọn dù ú, torí kò mọ ohun tó wà fún. Ẹ ní wọ́n sọ pé, “Ìyókù á jóná tán. Èyí ni màá máa wò bí àárò Àbẹ̀kẹ́ bá ń sọ mí.”

Ọkọ̀ sì ń kú bó ṣe ń kú.

Mo mọ̀ pé ẹ ò lè lọ sọ pé kí wọ́n dá a padà. Ẹnu wo ni àbúrò fẹ́ fi gba ohun tó ti fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀? Mo sáré padà sí ṣọ́ọ̀bù láti ra òmíràn. Pọ́lọ́gì wà, mo ti ra mẹ́rin. Sẹ́ńsọ̀ ti tán, òmíràn kò sì ní dé kí Sìlífá tó bímọ. Ẹni tó ń mú lẹ́tà yìí bọ̀ ń gbéra lọ́la. Ẹ má gba pọ́lọ́gì ẹnikẹ́ni padà, kí mẹ́rin tuntun yìí ṣáà wọ ọkọ̀ yín pọ̀. Bàbá tó ni ṣọ́ọ̀bù ti ya ibi tí sẹ́ńsọ̀ ń wọ̀ sórí ìwé fún mẹkáníìkì, ó wà nínú ẹrù. Àmọ́ sẹ́ńsọ̀ kan ṣoṣo tó kù fún wa, yàrá Bàbá Àgbà ló wà. Mo bẹ̀ yín, ẹ mú lẹ́tà yìí lọ bá wọn, ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ kà á sókè. Láti ibí yìí lọ, àwọn ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Bàbá Àgbà, mo kúnlẹ̀ o. Ẹ̀yin lẹ sìn mí dé Èkó lọ́jọ́ tí mò ń lọ, tí ẹ ní ẹ ò ní sunkún, tí ẹ wá ń nu jígí ojú yín ṣáá. Nígbà tí mo gbọ́ pé ẹ gbé nǹkan kékeré mi sórí pẹpẹ, inú mi dùn, ó sì dùn mí. Kò sẹ́ni tó ń wo ohunkóhun nítorí mi ní ìlú yìí. Bó bá jẹ́ ohun mìíràn ni, kó wà níbẹ̀ títí. Ṣùgbọ́n bí èyí bá wà lórí pẹpẹ, ọkọ̀ á tún kú lójú ọ̀nà Kuta. Bàbá ò lè sọ ọ́ fún yín, ojú ń tì wọ́n. Èmi ni mo sọ ọ́. Bí ìbínú bá wà níbẹ̀, èmi ni kí ẹ bínú sí. Ṣùgbọ́n mi ò rò pé ẹ ó bínú, torí ẹ̀yin náà lẹ bọ́ agbádá sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, tí ẹ ti ọkọ̀ títí bàtà fi já lẹ́sẹ̀ yín.

A kì í sì í gba nǹkan lọ́dọ̀ àgbà lọ́wọ́ òfo. Mo ti ya fọ́tò, mo fi férémù sí i, ó wà nínú ẹrù yìí. Èmi nìyẹn nínú yìnyín, nínú kóòtù tó tóbi jù mí lọ. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o. Ibi tí sẹ́ńsọ̀ wà gan-an ni kí ẹ gbé e sí.

Ẹ bá mi kí Màmá, ẹ kí àwọn ará ilé lọ́mọdé lágbà, ẹ kí onílọ́rì àti àna wa, kí Ọlọ́run gbọ́ àdúrà tí wọ́n gbà fún mi. Ẹ sọ fún Sìlífá kó fọkàn balẹ̀. Á bí wẹ́rẹ́. A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Ọlọ́run á dá ẹ̀mí gbogbo yín sí títí n ó fi dé.

Bàbá Àgbà, lọ́jọ́ tí ẹ bá gbọ́ ìró ọkọ̀ náà tó ń bọ̀ láti ọ̀nà Kuta, tí kò wúkọ́, tí kò dúró, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe gbogbo ilé jáde, kí ẹ sọ fún wọn pé Àbẹ̀kẹ́ ló ń gbé àbúrò rẹ̀ bọ̀.

Èmi ni, ọmọ yín tí kò gbàgbé yín,
Ramọ́tà Àbẹ̀kẹ́