Ẹkún Tí Àbúrò Mi Gé

Màámi,

Ara mi le, iṣẹ́ fíìmù gígé sì ń lọ dáadáa. Mo rí fídíò ẹ̀rín tí ẹ fi ránṣẹ́, ti ọkùnrin tó lanu gbàgà. Wọ́n ti wò ó níbi iṣẹ́ wa náà, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín pa ara wọn.

Èmi ni ọkùnrin yẹn. Gíláàsì dúdú tí àbúrò mi lẹ̀ mọ́ mi lójú ni ò jẹ́ kẹ́ ẹ dá mi mọ̀. Ọjọ́ iṣẹ́ abẹ yín ni mo bú sẹ́kún lójú ẹ̀, nígbà tá a jọ ń rí ara wa lórí fóònù, ló bá ká a sílẹ̀. Bí àwa bá ń gé fíìmù, a máa ń jẹ́ kí òǹwòran rí ohun tó pa èèyàn lẹ́kún. Òun gé ìyẹn dànù, ó wá ku èmi tí mò ń lanu ṣáá.

Inú mi kúkú dùn pé ẹ ti lè rẹ́rìn-ín. Ẹ bá mi kí i. Ó mọ̀ ọ́n gé: ibi tí mo ti fẹ́ pariwo “Màámi” gan-an ló gé e sí.