Dúró Dè Wá ní Pápákọ̀ Bàálù

Ayewa, Bùnù,
ní ẹkùn Kábà.

Moyinolúwa ọmọ mi,

Okun o. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìmúrasílẹ̀ ìrìn-àjò. Kí ìwé yìí bá ọ lórí ìjókòó ní Èkó, kó má bá ọ níbi tí o ti ń sáré, kí Olúwa tí a fi ọ́ lé lọ́wọ́ má sì gbé ọ sílẹ̀. Gbogbo wa wà dáadáa. Ọyẹ́ ti dé, ètè gbogbo wa ti la, ṣùgbọ́n iṣu jáde lọ́dún yìí. Ewúrẹ́ dúdú ìyá rẹ bí méjì, ọ̀kan kú, a dúpẹ́ lórí èyí tó kù. Ìyá àgbà ń jẹun, ojú wọn nìkan ni kò ríran bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Bí mo bá dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ní ta nìyẹn, èmi tí wọ́n bí.

Tísà Andrew ni yóò fi fóònù rẹ̀ ya ìwé yìí ní fọ́tò ránṣẹ́ sí ọ. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó dá ìwé náà padà fún mi bó bá yà á tán, kó má lọ há sínú fóònù. Èmi ìbá pè ọ́, ṣùgbọ́n lórí fóònù o máa ń sọ pé Bàbá mo ti gbọ́ kí n tó dé ìdajì ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ yìí sì ní ìdí.

O sọ fún ìyá rẹ pé bàálù kan yóò gbé ọ láti Èkó dé Àbújá láàárọ̀, pé èyí tí ń lọ sí Kánádà kò ní gbéra títí di alẹ́, àti pé nítorí o kò dé Àbújá rí, Delight ọ̀rẹ́ rẹ ní kí o fi àkókò náà gba takisí, kí o lọ wo àpáta ńlá kan, kí o sì lọ jẹ áísìkiriìmù. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n Moyin, àpáta? Èyí tó wà lẹ́yìnkùlé wa níbí, tí o máa ń sá gùn bí ìyá rẹ bá ní kí o wá fọ àwo, kí ló ṣe é? Ọmọ Bùnù kì í san owó takisí nítorí àpáta.

Ìyá àgbà náà gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n ní ká bá àwọn gbé kíjìpá aláró tí wọ́n fi pọ̀n ọ́ jáde nínú àpótí, ká sá a sóòrùn. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n hun ún nígbà tí ọwọ́ wọn ṣì yá. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé Kánádà tutù, àwọn fẹ́ fi ọwọ́ àwọn ró o mọ́ ọ lára kí o tó lọ. A ṣàlàyé pé ìwé àṣẹ ìrìnnà rẹ pẹ́ kó tó jáde, pé o kò ní àyè àtiwálé mọ́. Wọ́n ní bí o kò bá lè wá bá àwọn, àwọn lè lọ bá ọ, ẹsẹ̀ àwọn kọ́ ni yóò wa mọ́tò.

O sì mọ̀ mí, n kì í gbé àgbàlagbà lọ síbi tí n kò mọ̀. Mo bá Benjamin tó ń kó iṣu lọ sí Gwagwaládà lọ wo pápákọ̀ náà. Bí èèyàn bá ti ọ̀nà Lọ́kọ́ja bọ̀, kó tó wọ Àbújá gan-an ni yóò ti yà síbẹ̀. Ibẹ̀ tóbi, ó mọ́, ṣùgbọ́n èmi tí mo ṣe alága gáréèjì Kábà, mo lè sọ fún ọ pé wọn kò mọ iṣẹ́. Kò sí ẹnìkan tó ń pe èrò. Àwọn èèyàn kàn ń wọlé jẹ́jẹ́ bí ẹni ń lọ kí aláìsàn, mo ní báwo ni ọkọ̀ yìí ṣe fẹ́ kún? Àánú wọn ṣe mí. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo bá wọn pè é: Èkó, Èkó, ó ku ẹnìkan, Èkó wọlé. Arákùnrin kan tó wọ aṣọ ìjọba wá bá mi sọ Hausa, èmi náà fi Hausa dá a lóhùn, ó ní kí n lọ sinmi. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú mi dé ìdí igi kan ní òdìkejì títì, ó sì dúró tì mí kí n má baà dá wà. Wọ́n mọyì àgbà níbẹ̀.

Nígbà tó lọ jẹun, mo padà lọ yọjú láti ara gíláàsì. Wọ́n ní òṣùwọ̀n kan tí wọ́n ń gbé ẹrù gbogbo èrò lé. Ẹrù tó bá fúyẹ́, wọn kì í wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n obìnrin kan gbé tirẹ̀ lé e, ó wúwo gan-an, ni òṣìṣẹ́ bá dìde, wọ́n lọ pe ọ̀gá wọn wá, gbogbo èrò tó tò sẹ́yìn ń wò ó, omi ayọ̀ sì bọ́ lójú obìnrin náà. Nítorí náà iṣu tí a ó kó wá fún ọ kò ní kéré, kí ojú má baà tì ọ́. Wọ́n tún ń bọ́ bàtà kí wọ́n tó kọjá lọ sínú, bí ẹni ń wọ ààfin, ìyẹn tẹ́ mi lọ́rùn. Wọ ìbọ̀sẹ̀ tí kò lu.

Ètò wa nìyí. Ìyá rẹ yóò gúnyán láfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ tí o ń lọ, yóò pọ́n ọn sínú ewé. Benjamin yóò gbé wa. Kẹ̀kẹ́ kéékèèké tí wọ́n fi ń ti ẹrù pọ̀ níbẹ̀ tí kò sẹ́ni tó ni wọ́n, orí ọ̀kan ni a ó gbé Ìyá àgbà jókòó sí. Arákùnrin aláṣọ ìjọba yẹn sọ pé ilé tí bàálù Èkó máa ń já èèyàn sí yàtọ̀ sí ti Kánádà, o máa gba ìta kọjá dandan, níta yẹn ni kí o ti dúró dè wá, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti kọjá ibi tí wọ́n ti ń wo ìwé kì í padà síta mọ́. Jọ̀ọ́, má tètè kọjá ibẹ̀. Bí wọ́n bá pe orúkọ rẹ, má sáré. Mo gbọ́ tí obìnrin kan ń pe ọkùnrin kan láti òkè léraléra, ohùn rẹ̀ kò le rárá. Ní gáréèjì, ọkọ̀ tó bá ṣì ń pe èèyàn kò tíì ṣe tán àtilọ.

Fi owó epo Benjamin ránṣẹ́ nípasẹ̀ Andrew, kí o fi díẹ̀ lé e fún oúnjẹ ewúrẹ́. Má fi sí báńkì. Ẹ̀rọ wọn ní Kábà bi mí bóyá mo fẹ́ nǹkan mìíràn, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kò fún mi ní nǹkan kan.

Ẹ̀rù ń bà mí, Moyin, n kò ní fi pamọ́. Kánádà jìnnà, ìyá mi sì ti darúgbó. Ìrìn-àjò kan wà tí wọn kò ní lè dúró dè ọ́ kí o tó dé. Olúwa yóò ṣíwájú rẹ, yóò tẹ̀lé ọ lẹ́yìn, ilẹ̀ òtútù kò ní tutù mọ́ ọ, ibi tí o bá yà sí, wọn yóò mọ̀ pé ọmọ èèyàn ni ọ́.

Ṣùgbọ́n bàálù Èkó lè pẹ́ kó tó dé, kí wọ́n sì máa lé ọ wọlé kí a tó fojú kàn ọ́. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, yíjú sí ara gíláàsì. A ó na kíjìpá náà sókè kí o lè mọ ibi tí a wà. Bí o bá ti rí i, gbé ọwọ́ rẹ sókè, kí o jù ú sí wa. Ìyá àgbà kò ní rí i, èmi ni n ó sọ fún wọn pé o juwọ́. Ṣáà rí i pé o jù ú, kí n má baà parọ́ fún ìyá mi.

Èmi ni bàbá rẹ,
Isaiah.